Ẹ̀rí Tara Ẹni àti Ẹ̀rí Àyálò: Ọ̀rọ̀ Lórí Átíṣókì àti Methylfolate

Ohun tí ìgbìmọ̀ tó rán ìwé pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni àfikún oúnjẹ, àwọn hóró àti kápúsù tí a ń rà fúnra wa láti fi tún ara ṣe. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n mú méjì péré, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ fi wákàtí kan sọ̀rọ̀ lórí gbogbo wọn kò ní sọ ohun gúnmọ́ kan.

Ìgò méjì náà ló wà lórí tábìlì yìí. Wọn kò ṣọ̀wọ́n. Ará London tàbí Houston tó ń bọ̀ wálé lè kó irú wọn sínú àpótí fún àwọn òbí rẹ̀, ẹ sì lè rí wọn rà ní Èkó àti Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára. Kápúsù ló wà nínú ti àkọ́kọ́. Wọ́n ní oje ewé átíṣókì tí a yọ, tí a sì gbẹ di lẹ́búlẹ́bú ni, mílígíráàmù 320 nínú kápúsù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ó ń ran ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́, ó sì ń mú kí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wà bó ṣe yẹ. Hóró funfun kéékèèké ló wà nínú èkejì. Methylfolate ni wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ síwájú rẹ̀, wọ́n sì ní irú fóléètì, ìyẹn fítámìnì kan, tí ara lè lò lójú ẹsẹ̀ ni. Nọ́ńbà tó hàn jù lẹ́yìn ìgò ni 680, lẹ́tà DFE tẹ̀ lé e, a sì kọ 400 sínú àkámọ́ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìwọ̀n méjì o. Máíkírógíráàmù 400 ló wà nínú hóró náà. 680 yẹn ni iye fóléètì inú oúnjẹ tí wọ́n kà á sí.

Nísàlẹ̀ ìgò méjèèjì, níbi tí lẹ́tà ti kéré débi pé mo ní láti wọ awò kí n tó rí i kà, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ: pé àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kò tíì yẹ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò, pé ọjà yìí kì í ṣe fún wíwo àìsàn kankan. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1994 ló wà lẹ́yìn ìkìlọ̀ náà. Òfin yẹn náà ló gbà kí wọ́n máa ta àfikún oúnjẹ láìkọ́kọ́ fi hàn fún ìjọba pé ó ń ṣiṣẹ́. Nílé níbí, NAFDAC ń mú kí àwọn oògùn ewé àti egbò tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ gbé irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí á jọ wá ìdáhùn sí: nínú ìgò méjì yìí, èwo ni ẹ̀rí wà fún, kí sì ni ẹ̀rí náà ń jẹ́rìí sí?

Ohun tí mo gbà gbọ́, tí n óò sì dúró lé lórí títí n óò fi jókòó, ni pé a kì í yá ẹ̀rí lò. Ohun tí a dán wò ni ẹ̀rí wà fún: oògùn yẹn gan-an, ní ìwọ̀n yẹn, fún àìsàn yẹn. Átíṣókì ní ẹ̀rí tara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Ẹ̀rí tí wọ́n fi ń ta methylfolate pọ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, ṣùgbọ́n oògùn mìíràn ló ni èyí tó dára jù nínú rẹ̀.

1. Kí ni à ń pè ní ẹ̀rí?

Bí ẹnìkan bá dìde nínú gbọ̀ngàn yìí, tó ní òun lo átíṣókì fún oṣù méjì, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ òun sì wálẹ̀, n kò ní jà á níyàn. Òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ fún wa ká ní kò lò ó, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ní Jámánì, wọ́n ṣe ìdánwò kan tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2000. Ènìyàn 143 tí ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni wọ́n kó jọ. Wọ́n fún apá kan ní átíṣókì, wọ́n sì fún apá kejì ní hóró tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò sí oògùn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lo hóró òfìfo wálẹ̀ ní ìdá 8.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: wọn kò lo nǹkan kan, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì wálẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun á ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Nọ́ńbà tó ga lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n sì máa ń fẹ́ wálẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá tún un wọ̀n. Ká ní ìgò átíṣókì ni wọ́n gbé fún gbogbo wọn, òun ni wọn ì bá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá pe nǹkan ní ẹ̀rí lónìí, ìyàtọ̀ tó hàn láàrin àwọn tó lo oògùn kan àti àwọn tó jọ wọ́n tí kò lò ó ni mò ń sọ. Bí kò bá sí apá kejì yẹn, ìtàn ni a ní lọ́wọ́, bó ti wù kí ìtàn náà dùn tó.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ nínú kí ni? A gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ti ń ṣì í. Nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Kò sí ẹni tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ń dùn. Ìkọlù ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ là ń sá fún, nọ́ńbà náà kàn ń sọ fún wa pé wọ́n lè wà lọ́nà ni. Lọ́dún 1994, àbájáde ìdánwò ńlá kan jáde láti àwọn orílẹ̀-èdè àríwá Yúróòpù. Àwọn aláìsàn ọkàn 4,444 ló wà nínú rẹ̀, oògùn simvastatin ni wọ́n dán wò, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún ohun tó lé ní ọdún 5. Ọ̀rá wọn wálẹ̀. Ikú pẹ̀lú sì dín kù: ènìyàn 256 ló kú lára àwọn tó lo hóró òfìfo, 182 ló kú lára àwọn tó lo oògùn náà. Níbẹ̀, nọ́ńbà wálẹ̀, ẹ̀mí sì là.

Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní homocysteine. Àwọn tó bá ní in púpọ̀ máa ń ní àrùn ọkàn ju àwọn ẹlòmíràn lọ, fólíkì ásíìdì, irú fóléètì tí a ń ṣe nínú ilé-iṣẹ́, sì ń mú un wálẹ̀. Gbogbo ayé ló rò pé a ti rí ọ̀nà tó rọrùn láti gba ọkàn là. Lọ́dún 2006, ìdánwò HOPE-2 gbé àbájáde rẹ̀ jáde: ènìyàn 5,522 ni wọ́n pín sí méjì, tí wọ́n fún apá kan ní fólíkì ásíìdì pẹ̀lú fítámìnì B6 àti B12. Homocysteine wálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti retí. Ìkọlù ọkàn kò dín kù, ikú àrùn ọkàn kò dín kù.

Ẹ fi ìdánwò méjèèjì yìí sọ́kàn. Nígbàkígbà tí ẹnìkan bá ní ọjà òun ń mú nọ́ńbà wálẹ̀, ẹ bi í bóyá ẹnìkan ti wádìí ohun tí nọ́ńbà yẹn dúró fún.

Ó ku ohun kan tí ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ní kí n tó pè é ní ẹ̀rí, òun sì ni mo torí rẹ̀ wá: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọjà tí a fẹ́ rà. Àwọn àgbà ti sọ pé ẹ̀wù àwọ̀yá kì í yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò fún un lápá, á fún un lẹ́sẹ̀. Rẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rí rí.

2. Átíṣókì

Àwọn ará etí òkun Mẹditaréníà ló ń jẹ átíṣókì jù, pàápàá ní Ítálì, Spéènì àti Íjíbítì. Òdòdó rẹ̀ tí kò tíì là ni wọ́n ń sè jẹ. Ṣùgbọ́n òdòdó kọ́ ló wà nínú ìgò yìí, ewé ni, àwọn ewé gígùn ẹlẹ́gùn-ún tó wà nísàlẹ̀ igi rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ nítorí kíkorò. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwọn ará Ítálì ń jẹ átíṣókì, ara wọn sì le, ti yá ẹ̀rí lò ná. Ohun tí wọ́n ń jẹ kọ́ ló ń tà.

Lọ́dún 1954, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní Ítálì ṣàlàyé bí cynarin ṣe rí, ìyẹn èròjà tí wọ́n gbà pé ó wà lẹ́yìn iṣẹ́ ewé náà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú omi òróòro jáde dáadáa. Bí omi òróòro bá ń jáde, ọ̀rá ń bá a jáde. Àlàyé náà mọ́gbọ́n dání. Àlàyé kì í sáà ṣe ẹ̀rí. Ó wulẹ̀ ń sọ ìdí tó fi yẹ kí á lọ wá ẹ̀rí ni.

Wọ́n sì lọ wá a. Nínú ìdánwò Jámánì tí mo mẹ́nu bà, àwọn tó lo mílígíráàmù 1,800 lójúmọ́ rí i tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ ní ìdá 18.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ yọ 8.6 ti hóró òfìfo kúrò, ìyókù ni iṣẹ́ tí a lè kà sí ti átíṣókì. Ó dára, kò kéré. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2008, wọ́n dán mílígíráàmù 1,280 wò lára ènìyàn 75 fún ọ̀sẹ̀ 12. Ti àwọn tó lò ó wálẹ̀ ní ìdá 4.2, ti àwọn yòókù gòkè ní ìdá 1.9. Ìyàtọ̀ wà, àmọ́ kò tó ti Jámánì, LDL tí í ṣe ọ̀rá tó ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ kò sì yàtọ̀ lọ́nà tí a lè fọwọ́ sọ̀yà. Ìdánwò kẹta, ti ọdún 1997, lo ènìyàn 44 tí ara wọn yá, kò sì rí ìyàtọ̀ kan gbòógì.

Nígbà tí àjọ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kó irú ìdánwò wọ̀nyí jọ kí wọ́n sì wọ̀n wọ́n, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò lọ́dún 2013, àwọn mẹ́ta yìí péré ni wọ́n rí tó kún ojú òṣùwọ̀n. Àpapọ̀ gbogbo ènìyàn tó wà nínú wọn jẹ́ 262. Ìdájọ́ wọn ni pé ó jọ pé átíṣókì lè mú ọ̀rá wálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà kò tíì tó láti fi dá ènìyàn lójú. Lẹ́yìn náà, lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí mìíràn pa ìdánwò 9 pọ̀, ènìyàn 702, wọ́n sì rí i pé ọ̀rá ń wálẹ̀ ní tòótọ́, LDL náà sì ń wálẹ̀ ní nǹkan bí mílígíráàmù 15 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ẹni tí LDL rẹ̀ jẹ́ 160 lè retí kí ó di 145. Státìn, ìyẹn irú oògùn tí simvastatin jẹ́, ń gé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ní ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn tó ń ra ìgò kì í sábà rò. Oje ewé kan kì í ṣe oje ewé kejì. Èyí tí wọ́n lò ní Jámánì jẹ́ oje tí wọ́n fún láti inú ewé púpọ̀, ìlọ́po 25 sí 35 ìwọ̀n oje náà. Ti ilé-iṣẹ́ mìíràn lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìgò tí mo dì mú yìí kò sọ tirẹ̀. Nítorí náà, bí átíṣókì tilẹ̀ ní ẹ̀rí tara rẹ̀, a kò lè sọ pé gbogbo ìgò tó ń jẹ́ átíṣókì ló ni ín.

Níbi ìnira inú, ẹ̀rí rẹ̀ sàn jù, èmi fúnra mi sì rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí ọjà yìí ti lókìkí. Lọ́dún 2003, àbájáde ìdánwò kan jáde lórí àwọn 247 tí oúnjẹ kì í dà nínú wọn, tí inú wọn ń kún, tó sì ń wú, tí dókítà kò sì rí ọgbẹ́ tàbí àrùn kankan níbẹ̀. Kápúsù oní-320 bíi ti ìgò yìí ni wọ́n lò, méjì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 6. Ara tu àwọn tó lò ó ju àwọn tó lo hóró òfìfo lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìnira náà ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe nọ́ńbà kan tó dúró fún un. Ìdánwò kan kò tó láti parí ọ̀rọ̀. Àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù gbà kí wọ́n tà á fún inú kíkún àti inú wíwú, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìlànà oògùn ìbílẹ̀, ìyẹn ni pé nítorí ọjọ́ pípẹ́ tí a ti ń lò ó, kì í ṣe nítorí pé ìdánwò ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ní ti ìkọlù ọkàn, ní ti ikú, kò sí ìdánwò kan tó wádìí ohun tí átíṣókì ń ṣe. Bóyá nọ́ńbà tó ń mú wálẹ̀ jọ ti simvastatin, bóyá ó jọ ti homocysteine, kò sí ẹni tó lè sọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, nítorí mo mọ̀ pé ẹnìkan á bi mí. Òótọ́ ni pé ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko pín ewúro wa àti átíṣókì sí, àwọn méjèèjì sì korò. Kò túmọ̀ sí pé ohun tí a rí lára átíṣókì ti di ti ewúro. Ewúro yẹ fún ìdánwò tirẹ̀, inú mi á sì dùn bí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa bá ṣe é lára àwọn ènìyàn, kì í ṣe lára eku nìkan.

3. Methylfolate

Mo ní láti pẹ́ díẹ̀ lórí èyí, nítorí ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wà lára àwọn tó wú mi lórí jù nínú ìmọ̀ ìṣègùn.

Ní nǹkan bí ọdún 1928, dókítà obìnrin kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lucy Wills, lọ sí ìlú Bombay ní Íńdíà. Àìtó ẹ̀jẹ̀ kan ń pa àwọn aboyún níbẹ̀, pàápàá àwọn tálákà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ. Ó wo oúnjẹ wọn, ó dán oríṣiríṣi nǹkan wò, lọ́dún 1931 ó sì kọ̀wé pé Marmite, ohun dúdú tí wọ́n fi ìwúkàrà ṣe, tí àwọn Òyìnbó ń fi pa búrẹ́dì, ń wo irú àìtó ẹ̀jẹ̀ náà sàn. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1941 ni àwọn ẹlòmíràn yọ ọ́ láti inú ẹ̀fọ́ sípínáàṣì, wọ́n sì pè é ní fólíkì ásíìdì. Kí ọdún 1945 tó parí, wọ́n ti mọ bí a ṣe ń ṣe é nínú ilé-iṣẹ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ṣì ń bọ̀. Nígbà tí oyún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, ibi tí yóò di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ a máa ká pọ̀, a sì pa dé kí ọjọ́ 28 tó pé. Bí kò bá pa dé, a lè bí ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ là tàbí ọmọ tí kò ní ọpọlọ tó pé. Lọ́dún 1991, àjọ ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìdánwò kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 33, ní orílẹ̀-èdè 7. Àwọn obìnrin 1,817 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Lára oyún tí a mọ ibi tí ó parí sí, 21 ló tún ní àbùkù náà láàrin àwọn tí kò lo fólíkì ásíìdì, 6 péré láàrin àwọn tó lò ó. Ó dín ewu náà kù ní ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìdánwò kan ní Họ́ńgárì, tí wọ́n ti lò ó pẹ̀lú àwọn fítámìnì mìíràn, fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tí kò bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí: 6 lápá kan, kò sí ọ̀kankan lápá kejì. Ní àríwá Ṣáínà, níbi tí àbùkù yìí wọ́pọ̀, àwọn tó lo máíkírógíráàmù 400 déédéé rí i kó já wálẹ̀ láti ọmọ 4.8 nínú ẹgbẹ̀rún kan sí 1.0.

Ẹ wo irú ẹ̀rí yìí. Kì í ṣe nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tó lè rìn ni, àti ọmọ tí kò lè rìn. N kò mọ àfikún oúnjẹ mìíràn tó ní ẹ̀rí tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló ni ín? Fólíkì ásíìdì ni. Nínú gbogbo ìdánwò tí mo kà sílẹ̀ yìí, kò sí ibì kan tí wọ́n ti lo methylfolate. CDC, àjọ ìlera ti Amẹ́ríkà, sọ ọ́ láìfi bò: nínú gbogbo irú fóléètì, fólíkì ásíìdì nìkan ni ìwádìí ti fi hàn pé ó ń dènà àbùkù náà.

Kí ni methylfolate, nígbà náà? Fóléètì inú oúnjẹ àti fólíkì ásíìdì tí a gbé mì, ara máa ń yí wọn padà ní ìpele-ìpele títí wọ́n á fi di methylfolate, òun sì ni èyí tó pọ̀ jù tó ń lọ káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ń tà á ní kí la wá ń fi ìyíkúyìí ṣe, nígbà tí a lè gbé èyí tó ti pa dà tán mì? Wọ́n tún mú ọ̀rọ̀ jíìnì kan wọ̀ ọ́, MTHFR, èyí tó ń darí ìpele tó gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ náà. Láti ọdún 1995 ni a ti mọ ìyàtọ̀ kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní C677T, tó ń dín agbára jíìnì náà kù. Wọ́n á ní ẹni tó bá ní in kò lè lo fólíkì ásíìdì.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jogún ìyàtọ̀ náà lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, bí ó bá lo iye fólíkì ásíìdì kan náà pẹ̀lú ẹni tí kò ní in rárá, fóléètì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dín sí tẹni yẹn ní nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ń lò ó. Ó kàn dín díẹ̀ ni. Ní tiwa, ìbẹ̀rù náà tún jìnnà sí wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àkójọ HapMap, tí wọ́n fi ń wo bí jíìnì ṣe yàtọ̀ káàkiri ayé, àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún un. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ló fi hàn pé C677T ṣọ̀wọ́n láàrin wa ju bó ṣe rí ní Yúróòpù lọ, ká má tilẹ̀ sọ ti Mẹ́síkò. Wọ́n ń ta ojútùú fún wa lórí ìṣòro tó jẹ́ pé díẹ̀ lára wa ló ní in.

Mo fẹ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún methylfolate. Ó ní ẹ̀rí kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ó ń mú fóléètì inú ẹ̀jẹ̀ gòkè, ó kéré tán bí fólíkì ásíìdì ti ń ṣe é, àwọn ìdánwò kan tilẹ̀ ní ó ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sì ní ibi tí fóléètì bá ti gòkè, àbùkù ọmọ á dín kù, kò sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Àmọ́ nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀ la tún ti padà sí yẹn, HOPE-2 sì ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́. Ìdánwò tó lè yanjú ọ̀rọ̀ náà ṣòroó ṣe, nítorí kò sí dókítà rere tó máa gba fólíkì ásíìdì kúrò lọ́wọ́ obìnrin tó fẹ́ lóyún kí ó lè fi nǹkan mìíràn dán an wò.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tún wà. Lọ́dún 2012, wọ́n gbé ìdánwò méjì jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn tí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kò ràn lọ́wọ́ tó. Wọ́n fi methylfolate kún oògùn wọn. Nínú ti àkọ́kọ́, ènìyàn 148, mílígíráàmù 7.5 kò ṣe ju hóró òfìfo lọ. Nínú ti èkejì, ènìyàn 75, mílígíráàmù 15 lójúmọ́: ìdá 32.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn yá dáadáa, ìdá 14.6 ní apá kejì. Èyí ni ẹ̀rí tó dára jù tí methylfolate ní fúnra rẹ̀. Mílígíráàmù 15 sì jẹ́ máíkírógíráàmù 15,000. Ẹ wo ìgò yìí: 400. Ẹ ó gbé hóró tó lé ní 37 mì kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá fi ìdánwò yẹn ta ìgò yìí ti yá ẹ̀rí lò lọ́wọ́ methylfolate fún methylfolate.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń bí mi nínú nìyí. Ní Wales, wọ́n dán fólíkì ásíìdì mílígíráàmù 5 wò fún ìrẹ̀wẹ̀sì lára ènìyàn 475, àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2014, kò sì ran wọ́n lọ́wọ́. Bí ẹ bá sọ èyí fún ẹni tó ń ta methylfolate, á ní fólíkì ásíìdì nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni tiwa. Bí ẹ bá wá bi í nípa oyún, á ní fóléètì kan náà ni wọ́n, ìdánwò ọdún 1991 ti tó. Wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà níbi tó bá dùn, kí wọ́n sì di ọ̀tọ̀ níbi tó bá korò.

4. Ìdájọ́

Mo padà sí ìbéèrè wa. Èwo ni ẹ̀rí wà fún?

Fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, átíṣókì ní ẹ̀rí tirẹ̀, ó mọ níwọ̀n. Ẹni tí ọ̀rá rẹ̀ ga díẹ̀, tí dókítà kò tíì fún ní oògùn, lè lò ó bí owó rẹ̀ bá ká a, kí ó sì lọ tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ̀n. Ẹni tí wọ́n ti fún ní státìn kò gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ jáwọ́ nínú oògùn; èyí tó gba ẹ̀mí là nínú ìdánwò kọ́ ni yóò gbé jù sílẹ̀ fún èyí tí a kò tíì dán wò bẹ́ẹ̀. Fún inú kíkún àti inú wíwú, n kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun. Ẹni tó ní òkúta nínú òróòro, tàbí tí ọ̀nà omi òróòro rẹ̀ dí, kí ó jìnnà sí i, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n fi ń yìn ín gan-an lè fa ìrora fún un.

Ní ti methylfolate, n kò rí àìsàn kan tí ìgò oní-400 yìí ní ẹ̀rí tirẹ̀ fún, tó lé ẹ̀rí fólíkì ásíìdì bá. Ó sì wọ́n jù ú lọ.

Ohun méjì ni mo fẹ́ fi kún un kí n tó jókòó, nítorí pé wọ́n kan ọ̀pọ̀ ilé tó wà níhìn-ín.

Àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń lo fólíkì ásíìdì lójoojúmọ́, láti kékeré. Ìdí rẹ̀ yé wa: ẹ̀jẹ̀ wọn ń kú, ó sì ń tún ara rẹ̀ dá léraléra, iṣẹ́ yẹn sì ń jẹ fóléètì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Cochrane wá ẹ̀rí rẹ̀, ìdánwò kan ṣoṣo ni wọ́n rí, lára ọmọ 117 ní Jàmáíkà, tó jáde lọ́dún 1983, kò sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wọn gòkè. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni dá a dúró. Kí dókítà rẹ̀ máa fún un lọ. Mò ń sọ pé orílẹ̀-èdè tó ní irú aláìsàn yìí tó pọ̀ tó báyìí ló yẹ kó ṣe ìdánwò kejì. Òṣùwọ̀n kan náà tí mo fi wọn ìgò wọ̀nyí ni mo fi wọn èyí.

Èkejì ni ti fítámìnì B12. Fóléètì púpọ̀ lè tún ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò ní B12 tó ṣe, kí àyẹ̀wò sì dára lójú, nígbà tí àìtó B12 náà ṣì ń ba iṣan ara rẹ̀ jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹsẹ̀ ń kú tìpìrì, tàbí tí ọwọ́ ń jó, ẹ má kàn ra ìgò. Ẹ ní kí wọ́n wo B12 yín.

Ẹ̀yin ìyá tó ní ọmọbìnrin nílé, ẹ̀yin ọkọ ìyàwó, ọ̀dọ̀ yín ni mò ń bọ̀. Ọjọ́ 28 ni mo sọ, ọ̀pọ̀ obìnrin kò sì tíì mọ̀ pé òun lóyún nígbà náà. Ká tó lọ forúkọ oyún sílẹ̀ ní ọsibítù, ẹ̀yìn ọmọ ti pa dé tàbí kò pa dé. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀dọ̀ ní fóléètì nínú, ẹ máa jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé wọn nìkan. Obìnrin tó bá fẹ́ lóyún, kí ó máa lo fólíkì ásíìdì máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́, ó kéré tán láti oṣù kan ṣáájú oyún títí oyún yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 12. Ẹni tó ti bí ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ là rí, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí fòníkú-fọ̀ladìde, kí ó lọ bá dókítà ṣáájú, torí ìwọ̀n tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hóró kékeré tí kò wọ́n yẹn ni kí ẹ bèèrè fún níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn, ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi òmíràn tó wọ́n jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ fún yín.